Ẹ̀jẹ̀ Ará Ajégúnlẹ̀ àti Ìwádìí Oògùn



Ní ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí Èkó, kí àlùfáà tó so yìgì, yóò béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ọkọ àti ti ìyàwó ṣe rí: ṣé AA ni tàbí AS? Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń wá lónìí kò jìnnà sí èyí. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn jogún nínú ẹ̀jẹ̀, kí oògùn lè bá ara rẹ̀ mu.

Ṣùgbọ́n bí olùwádìí bá wọ Ajégúnlẹ̀, ìfura ni yóò kọ́kọ́ pàdé, ìfura náà kì í sì í ṣe àìmọ̀kan. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer ṣe ìdánwò oògùn Trovan pẹ̀lú 200 ọmọdé. Ọmọ 11 kú: 5 nínú àwọn tí ó gba Trovan, 6 nínú àwọn tí ó gba oògùn kejì. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn òbí fi ẹnu gbà. Ní 2009 ni wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là yanjú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba Kánò. Kí ó tó di ìgbà náà, ní 2003, Kánò ti kọ oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀, ìrántí Trovan sì wà lára ohun tí ó fà á.

Ti Ìbàdàn yàtọ̀. Nígbà ìwádìí HapMap tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jókòó kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 90, bàbá, ìyá àti ọmọ. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, orúkọ ẹ̀yà Yorùbá ni wọ́n kọ. Ẹnì kan gbà, ọ̀rọ̀ kan gbogbo ìdílé! Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n rí oríṣi àbùdá APOL1 kan ní 2010, èyí tí ó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ àìsàn tí kòkòrò tsetse ń tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó lè ba kíndìnrín ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá jẹ́.

Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ 54gene tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 gbèrò láti kó ẹ̀jẹ̀ 100,000 ọmọ Nàìjíríà jọ. Ní 2023 ó kógbá sílé. Ta ni ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ bí olùtọ́jú bá lọ? Kí ọ̀dọ́ béèrè èyí kí ó tó tọwọ́ bọ ìwé. Kí àlàyé wà ní èdè Ìlàjẹ, Ìjọ, Ìbò àti Hausa, nítorí gbogbo wọn ni ó ń gbé Ajégúnlẹ̀. Alábàárù èbúté Àpápá tí ó pa iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tì, owó ọkọ̀ tọ́ sí i, èsì àyẹ̀wò rẹ̀ sì tọ́ sí i pẹ̀lú.