Ẹ̀jẹ̀ Aboyún Ń Sọ̀rọ̀ Kí Ẹsẹ̀ Tó Wú



Àṣà wa ni láti máa bo oyún mọ́ra títí ikùn yóò fi yọ, nítorí ayé. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Àwọn ìyá wa ní ìdí tiwọn. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó ti ń fìdí múlẹ̀ kí ikùn tó yọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ó máa ń fara hàn: orí á máa fọ́ aboyún, ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ á wú. Bí kò bá rí ìtọ́jú, gìrì lè mú un, kí ó sì pa òun àti ọmọ.

Ọ̀dọ̀ ibi ọmọ ni ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí iṣu ṣe ń ta gbòǹgbò sínú ebè ni ibi ọmọ ń ta gbòǹgbò sínú ilé ọmọ láti gba ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá wọlé jinlẹ̀ tó, èròjà kan tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá á kéré. PlGF ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní ọ̀sẹ̀ 11 sí 13, nígbà tí ara obìnrin náà ṣì dá ṣáṣá, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a fà lápá rẹ̀ lè fi ewu náà hàn, pàápàá bí a bá tún wọn ìfúnpá rẹ̀, tí a sì bi í ní ìtàn oyún àtẹ̀yìnwá.

Ẹ ó ní, èrè wo ló wà nínú mímọ̀ bí kò bá sí oògùn? Oògùn wà, kò sì wọ́n: aspirin ni. Ní 2017, Kypros Nicolaides ti London àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde nípa àwọn obìnrin tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n wà nínú ewu. Nínú 798 tí wọ́n fún ní aspirin lálaalẹ́, 13 ni àìsàn náà mú débi pé wọ́n bímọ kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé. Nínú 822 tí wọ́n fún ní oògùn lásán, 35 ni.

Kí ọ̀sẹ̀ 16 tó pé ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má lọ rà á lò fúnra yín o. Dókítà ni yóò sọ ẹni tí ó yẹ.

N kò ní tàn yín: àyẹ̀wò PlGF kò tíì wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn wa. Ṣùgbọ́n bí àìsàn yìí bá ti mú obìnrin kan rí, tàbí bí ìbejì bá wà nínú rẹ̀ (ìbejì kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa), ìtàn ẹnu rẹ̀ nìkan tó kí dókítà ronú kan aspirin.

Obìnrin tí kò bá rí nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ará ilé kò ní láti gbọ́.