Ọkọ̀ Jáde Lọ́gbà, Awakọ̀ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí Lèmọ́mù bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìjókòó oṣooṣù ní Ìkòtùn, Alímọ̀ṣọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo àwọn tí wọ́n tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn fẹ́ràn láti gbọ́ nínú mọ́ṣáláṣí. Bí Lèmọ́mù bá ti dárúkọ ọtí, kálukú a máa wo ìta, a máa rò pé àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ ni a ń bá wí. Ṣùgbọ́n ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹlẹ̀ sí ará ìta. Ilé ẹni tó ń kírun ní sàfù kìíní ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni ó ní kí n sọ ọ́ fún yín, kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbá tán ni, bàbá kan wọlé tọ̀ mí wá, àwọn àti ìyàwó wọn. Ojú ìyá ti wú fún ẹkún. Ọmọ wọn ọkùnrin, ẹni ọdún 26, ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó dá dúró ní òru lójú ọ̀nà LASU sí Ìsẹ̀rì, nígbà tó ń bọ̀ láti òde ìgbéyàwó. Wọ́n ní kí ó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì fi hàn pé ọtí tó wà lára rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀sùn, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ lọ sí ọgbà wọn.

Bàbá ní, "Àáfà, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó máa ń kírun Jímọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ bá mi pè é, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kí wọ́n fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ kí àdúgbò tó gbọ́."

Mo bi wọ́n pé, "Àlhájì, ta ni ó ni ọkọ̀?"

Bàbá dákẹ́. Ìyá ni ó dáhùn pé ti opó kan ní Ìgàndò ni. Owó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó fi rà á. Ọmọkùnrin yìí ni ó ń fi kó èrò, tí ó sì ń mú iye kan wá fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó náà ni obìnrin yìí fi ń rán àwọn ọmọ òrukàn rẹ̀ ní ilé-ìwé. Mo tún bi wọ́n bóyá obìnrin náà ti gbọ́. Wọ́n ní rárá.

Ẹ̀yin ará mi, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ. Gbèsè mẹ́ta ni ọmọ yìí jẹ ní òru ọjọ́ kan: ó jẹ òfin ìlú, ó jẹ opó, ó sì jẹ Ọlọ́hun. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn òbí rẹ̀ rí, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ kí n bá wọn pa rẹ́.

N kò pe ọ̀gá náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní ayé Ànábì, obìnrin kan láti ìdílé Makhzuum, ìdílé ọlọ́lá láàrin àwọn Kuraish, jalè. Ojú ti àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n rán Usaamah ọmọ Zaid, ẹni tí Ànábì fẹ́ràn, pé kí ó lọ bẹ̀bẹ̀. Inú bí Ànábì. Ó dìde láàrin àwọn ènìyàn, ó kìlọ̀ pé ohun tó pa àwọn tó ṣáájú run ni pé wọ́n máa ń fojú fo ẹni ńlá tó bá ṣẹ̀, wọ́n a sì fìyà jẹ aláìlágbára. Ó ní bí ó tilẹ̀ ṣe Faatimah ọmọ òun ni, ìdájọ́ kò ní yí. Bí èmi bá pe ọ̀gá tó ń kírun lẹ́yìn mi, kí ni n óò sọ fún awakọ̀ dánfó tí kò mọ Lèmọ́mù kankan?

Ṣùgbọ́n n kò lé wọn padà. Ànábì kọ́ wa pé kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ì báà ṣe alábòsí, ì báà ṣe ẹni tí a bòsí sí. Àwọn sàhábà bi í pé báwo ni a ṣe lè ran alábòsí lọ́wọ́, ó sì ṣàlàyé pé dídá a dúró kúrò nínú àbòsí ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà mo wọ aṣọ mi, a jọ lọ. Ìgàndò ni a kọ́kọ́ yà, lọ́dọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀. Ọmọ yìí kò fẹ́ wọlé. Mo ní, "Wọlé, ìwọ ni o ó fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́." Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Obìnrin náà kò bú u. Ohun tó sọ ni pé, "Bí o bá ti kú ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ mú àwọn ìwé ọkọ̀ rẹ̀, ó sì bá wa lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ọkùnrin kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ kankan sún mọ́ wa. Ó ní bí a bá mú iye báyìí wá, ọkọ̀ yóò jáde kí ìrun Àílà tó wọlé. Owó tó pè kò tó wàhálà tó wà níwájú wa. Bàbá wo ojú mi. Mo jẹ́wọ́ fún yín, ó wu èmi náà, nítorí oòrùn ti ń mú, ẹsẹ̀ sì ti ń ro obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n hádíìsì tí Abu Daawuud àti Tirmidhi gbà wá ti fi yé wa pé Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tó fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó gbà á. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, a kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà wá. Ní ọjọ́ kẹrin ọkọ̀ jáde pẹ̀lú ìwé owó lọ́wọ́ wa, ọkàn wa sì mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí òfin wí, nítorí àìmọ̀ ni ó ń sọni di ẹran ìjẹ àwọn alágbàtà. Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 2000 ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASTMA sílẹ̀. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012 fi ìwọ̀n ọtí sí ìdajì gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ti rú òfin. Nínú ìwé ẹ̀sùn FRSC, owó ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ yìí jẹ́ náírà 5,000, pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ márùn-ún lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Bí ó bá di ti ilé-ẹjọ́, ó kù sọ́wọ́ adájọ́. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ ṣeré. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ìjọba Èkó lu ọkọ̀ tó lé ní 100 ní gbàǹjo ní Aláùsá, ọkọ̀ tí ilé-ẹjọ́ ti gbà lọ́wọ́ àwọn tó rú òfin ìrìnnà, pàápàá àwọn tó gba ọ̀nà òdì.

Bí irú èyí bá dé bá ẹnikẹ́ni nínú ilé yín, ẹ ṣe báyìí:

Èkíní, ẹ má kánjú lọ gba ọkọ̀ ní òru kí ẹni tó mutí tún wà á bọ̀ wálé. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń ṣe é, wákàtí lórí wákàtí. Omi tútù, kọfí tàbí orógbó kò lè mú un yá. Ẹni tó mutí yó ní ọ̀gànjọ́ lè má tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a bá ń pe ìrun Àsùbá.

Èkejì, ẹ sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àmáánà ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ kó ìwé jọ: ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fún awakọ̀, ìwé tó fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn, ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ibi tí ìwé ẹ̀sùn bá júwe ni kí ẹ san owó sí, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá rí i pé wọ́n fẹ́ rẹ́ yín jẹ, ẹ má bú òṣìṣẹ́, ẹ má sì bá a jà. Ilé-ẹjọ́ wà. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ a máa ran ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ yẹ ọkọ̀ wò tinú tòde kí ẹ tó kúrò nínú ọgbà.

Gbèsè òfin nìyẹn. Bí a ti san án ni a fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ yìí lọ́wọ́, nítorí ìwé ẹ̀sùn wà ní orúkọ rẹ̀. Mo ní kí a fún ẹni tó ni ín. Opó náà gbà á, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yìí, n kò ní fún ọ mọ́." Inú bàbá kò dùn. Wọ́n ní ṣé bí a ṣe ń ṣe ìdáríjì nìyẹn? Mo ní, "Àlhájì, ọ̀tọ̀ ni ìdáríjì, ọ̀tọ̀ ni ìfọkàntán. Ó ti fún un ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ni yóò fi ra ìkejì."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibí yìí ni kí ẹ ti dúró gbọ́ mi. Àwọn olùmọ̀ ti kọ́ wa pé bí ẹ̀ṣẹ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ẹ̀dá, àforíjìn títọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ dá ẹ̀tọ́ ẹni padà, tàbí kí olówó yọ̀ǹda rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà nínú ọgbà, owó àwọn ọmọ òrukàn ni ó dúró. Ọmọ yìí ń lẹ táyà báyìí ní Ìdímù, ó sì ń san owó náà díẹ̀díẹ̀. Ó sọ fún mi pé kò sí owó tó dùn mọ́ òun láti san rí bí èyí.

Ó ku gbèsè Ọlọ́hun. Nígbà tí mo bi í léèrè, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àáfà, kì í ṣe ọtí gidi. Paraga ni, nítorí ẹ̀yìn tó ń ro mí." Àwáwí tó pọ̀ jù láàrin yín nìyí. Ẹ̀ ń rí àwọn tó ń tà á láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtùn, pẹ̀lú ọtí inú ọ̀rá tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun tì ní oṣù Kejì ọdún 2024. Egbò inú ìgò kò sọ ọtí di oògùn. Ẹnìkan béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ Ànábì pé oògùn ni òun fi ń ṣe, ó sì dá a lóhùn pé àìsàn ni, kì í ṣe oògùn. Muslim gbà á wá. Ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani, díẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú haráàmù ni. Nínú Súrà Al-Maa'idah, ẹsẹ 90 àti 91, Ọlọ́hun fi ọtí sí ẹgbẹ́ tẹ́tẹ́ àti òrìṣà, Ó sì sọ fún wa pé Èṣù fẹ́ fi dá ọ̀tá sáàrin wa, kí ó sì fà wá kúrò nídìí ìrun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yìí: ìrun Àsùbá ọjọ́ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn kan nínú yín wá bá mi pé kí a lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, pé ó ba orúkọ wa jẹ́. Ọkùnrin kan wà ní ayé Ànábì tó ń jẹ́ Abdullah, tí wọ́n mú wá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ọtí. Ẹnìkan ṣẹ́bi fún un. Ànábì kọ̀ ọ́, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: Ànábì kò dá ìyà rẹ̀ dúró, kò sì jẹ́ kí a fi í lé Èṣù lọ́wọ́. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún nà ọmọ, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra.

Nítorí náà, ọmọ yìí kò ní kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó láàrin yín. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ìgò wà nínú ọkọ̀ òun báyìí, kí ó lọ dà á nù lónìí, bí àwọn ará Madinah ṣe da tiwọn sí títì nígbà tí wọ́n gbọ́ ìkéde, kí ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọkọ̀ rọrùn láti gbà padà ní ọgbà. Ẹ̀mí tí a bá fi pa lójú ọ̀nà, kò sí ìwé owó tí a lè fi gbà á.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa níbi tí a ń lọ àti níbi tí a ń bọ̀. Kí Ó gba ìrònúpìwàdà àwọn tó ti ṣìnà nínú wa, kí Ó sì san án fún opó náà ní oore. Aamiin.