Ẹ Má Parí Ẹ̀ Ní Pálọ̀

Ní Ṣàngó Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìdájí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń wá ọkọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́. Ta ni wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ fún? Ará ilé. Ẹni tí ọmọ mọ̀ dáadáa, tó ń pè ní bùọ̀dá, ló sì sábà máa ń fi ìyà ìbálòpọ̀ jẹ ẹ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2006, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin àpapọ̀ náà là sílẹ̀ fún ẹni tó bá ọmọdé lò pọ̀. "Ó gbà fún mi" kì í ṣe àwíjàre.

Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá gbọ́ pé ẹbí ti bẹ ara wọn, tí wọ́n sì parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, ẹ má wẹ ọmọ náà, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ìwé tí dókítà bá kọ níbẹ̀ lẹ máa mú lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá.