Bọ́ọ̀lù Lọ́wọ́ Ọmọdé: Ọ̀rọ̀ tí a bá Àwọn Ará Ìkirè àti Àpòmù Sọ

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo bá wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn àgbà tí ń gbá a gba owó. Ti ọmọ ọdún mẹ́fà ni, èyí tí olùkọ́ ju bọ́ọ̀lù sí tí ó sì di ojú.

Èmi náà ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù aláwọ ni olùkọ́ wa jù sí mi láìkìlọ̀. Imú ni mo fi gbà á. Ẹ̀jẹ̀ dà, àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù bí àkókò ìdárayá bá tó. Ó tó ọdún mẹ́rin kí ẹ̀rù náà tó kúrò lára mi.

Ojú dídì kì í ṣe ojo. Ojú ọmọ kékeré kò tíì mọ bí a ti í díwọ̀n ohun tí ń bọ̀ kánkán. Ìdí nìyí tí ó fi ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó sì ń fi apá méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà. Nítorí náà, kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tóbi, kí ó rọ̀, kí ó má sì yára. Ẹ kọ́kọ́ yí i nílẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kí òun fúnra rẹ̀ jù ú sókè díẹ̀ kí ó sì gbà á, nítorí ẹni tí ó ju nǹkan mọ ìgbà tí yóò bọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹlòmíràn tó jù ú sí i, kí ó lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ le gbagidi: bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ìka, kí ọwọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni gba ẹyin adìyẹ. Bí ó bá sì di ti lílu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ìka ni a fi ń tì í. A kì í fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a bí ẹni gbá ọmọ létí.

Ọwọ́ òsì náà gbọdọ̀ kọ́ ọ. A kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í ṣe àgbà.

Ìṣòro tó ga jù ni pé bọ́ọ̀lù kò tó. Láti oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ọmọ ti ń kún kíláàsì wa. Bí ogójì ọmọ bá tò sẹ́yìn bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ìdúró ni wọ́n ń kọ́. Ẹ wo eré òkúta márùn-ún tí àwọn ọmọbìnrin wa ń ṣe nílẹ̀: wọn a ju ọ̀kan sókè, wọn a kó èyí tó wà nílẹ̀, wọn a sì gbá ti òkè mú kí ó tó balẹ̀. Ojú àti ọwọ́ ti mọra níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin yìí kan náà ni a ń ní kí wọ́n jókòó máa wòran nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde. Èyí kò dára.

Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni ó kọ́kọ́ ń gbá, ó sì ń ṣọ́ ilé fún àwọn tó ń gbá ti ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1994 àti 1995 ó gba ife-ẹ̀yẹ Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Houston.

Ẹ̀yin télọ̀ Ìkirè àti Àpòmù, ẹ̀bẹ̀ mi nìyí: ẹ má da àjákù aṣọ nù. Bí a bá ká a pọ̀ dáadáa, tí a fi okùn dì í, tí a sì rán ìbọ̀sẹ̀ àlòkù bò ó, bọ́ọ̀lù tí kò lè fọ́ imú ẹnikẹ́ni ni. Òṣùká ìyá wọn ni kí wọ́n máa jù ú sí. Kí àwọn ọmọ yín kó àjákù náà fún olùkọ́ wọn ní ọjọ́ Ajé.