Àwọn Tí Ó Fò Kí A Tó Gba Òmìnira

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa kì í ṣe ti owó kòkó tàbí ti owó orí. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn eléré ilẹ̀ wa tí wọ́n mú orúkọ Nàìjíríà dé etí aráyé nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé wa lórí, tí a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wọn tán.

Ní ọdún 1950, níbi eré ìdíje àwọn ilẹ̀ abẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Auckland ní ilẹ̀ New Zealand, Josiah Majekodunmi fo ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 5 sókè, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Ní ọdún 1952, ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣojú Nàìjíríà níbi Òlíḿpíìkì, ní Helsinki, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án. Ẹ má fi ojú kékeré wo ẹni kẹsàn-án láàrin gbogbo ayé.

Ọdún 1954 ni ti àrà. Ní Vancouver, ní ilẹ̀ Canada, Emmanuel Ifeajuna, ọmọ Onitsha, fo ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 8. Bàtà kan ṣoṣo ni ó wọ̀, ti ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ kejì wà lásán. Ẹ sì rántí pé kò sí tìmùtìmù rírọ̀ tí àwọn afòsókè òde òní ń já sí. Kò sí ẹni tí ó ti fo irú gíga bẹ́ẹ̀ rí níbi eré náà, òun sì ni ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà níbẹ̀. Ta ni ó tẹ̀ lé e? Patrick Etolu, ọmọ Uganda. Ta ni ó ṣe ìkẹta? Nafiu Osagie, ọmọ Nàìjíríà bákan náà. Àwọn tí wọ́n ń wí nígbà náà pé a kò tíì tó ara wa í ṣe àkóso, ojú wọn ni ó ṣe!

Karim Olowu gba fàdákà nínú fífò jìnnà. Òun, Edward Ajado, Muslim Arogundade àti Abdul Karim Amu tún sá eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, Canada nìkan ni ó ṣáájú wọn.

Nígbà tí ó yá, àwòrán Ifeajuna níbi tí ó ti ń fò wà lára èèpo ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Kí ni ó wá mú orúkọ náà parẹ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ó ti di Májọ̀ nínú iṣẹ́ ológun, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe olórí ìdìtẹ̀ tí Sir Abubakar Tafawa Balewa àti Olóyè S. L. Akintola bá lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, ìjọba Biafra yìnbọn pa òun náà ní Enugu, pẹ̀lú Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, àti àwọn méjì mìíràn, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n dìtẹ̀ mọ́ Ojukwu.

A kò wá gbèjà ohun tí ó ṣe ní 1966. A kì í fi wúrà nu ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí ó fò kọjá ní Vancouver kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Osagie àti Olowu kò sì dìtẹ̀ mọ́ ìjọba kankan. Èéṣe tí a fi sin gbogbo wọn pọ̀ sínú kòtò kan náà?

Nítorí náà, bí ẹ bá padà délé, ẹ bi olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé yín bí ó bá mọ orúkọ Majekodunmi. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún un, kí ó lè kà á sí etí àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún ń sáré ìje.