A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìdúmàgbò àti Àkóso Ìlú

  

Ipa aráàlú nínú àkóso ìlú ni ọ̀rọ̀ tí ẹ fún mi sọ ní àpéjọ àwa ọmọ Èkó lókè òkun yìí. Ìdúmàgbò, àdúgbò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni mo máa gbé e kà, torí pé púpọ̀ nínú yín ló nílé ẹbí níbẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ti fárí lẹ́yìn olórí rí, wọn ò sì tíì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àmọ́ ìgbà kan wà tí olórí kọ̀, tí onígbàjámọ̀ sì kó abẹ rẹ̀ nílẹ̀.

Ní 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ́dún máa san owó orí. Obìnrin kò lẹ́tọ̀ọ́ ìbò nígbà náà. Alímọ̀tù Pẹlẹ́wúrà, ẹlẹ́ja tí kò mọ̀wé, ló ṣe olórí ọjà Eréko àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n ti ọjà, wọ́n sì rọ́ lọ bá aláṣẹ ìjọba ní ọ́fíìsì rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba gbé £50 náà dé £200. Ẹ má rò pé ariwo nìkan ló ṣe é. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tiẹ̀, ẹgbẹ́ ń dáwó, wọ́n sì ní akọ̀wé tó ń bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí Pẹlẹ́wúrà bá sọ̀rọ̀, ìjọba mọ iye ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ lèyí tó ṣẹlẹ̀ ní 1955. Ìgbìmọ̀ LEDB (Lagos Executive Development Board), tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lásìkò tí àrùn eku ń pa aráàlú, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé lórí nǹkan bí éékà 70 láàárín Èkó, wọ́n sì ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn kó lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn onílé fẹ̀hónú hàn, àmọ́ ètò ti wà lórí tábìlì kí ohùn wọn tó débẹ̀. Peter Marris, tó ṣèwádìí láàárín wọn, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, kọ ọ́ pé oníṣòwò pàdánù oníbàárà, ẹbí fọ́n ká, owó ọkọ̀ sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé kan tí iléèwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fààjì, ní Erékùṣù Èkó. Nǹkan bí ogún èèyàn ló kú, ọmọdé sì wà lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn ti fàmì sí ilé náà lára tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ ní wíwó. Àmì wà lára ògiri, síbẹ̀ ọmọ ń gòkè lọ kàwé. Bí ẹnì kan ládùúgbò bá ń kọ̀wé béèrè lóṣooṣù ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí irú àmì bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀.

Òfin ti wà lọ́wọ́ wa báyìí. Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀ àti kíkó ìdọ̀tí sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ní òfin 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá béèrè kò ní láti sọ ìdí, ọjọ́ méje sì ni wọ́n ní láti fi dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí kò lè dìbò nílé. Ẹ ń fowó ránṣẹ́, ẹ ṣeun. Àmọ́ ohun tí Ìdúmàgbò nílò lọ́wọ́ yín ju owó lọ: akọ̀wé ni. Agbẹjọ́rò wà láàárín yín, ẹnjiníà wà, oníṣirò owó wà. Bí àwọn tó wà nílé bá ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kí ẹnì kan nínú yín máa gbọ́ ọ lórí fóònù, kó sì bá wọn kọ ìwé tó yẹ. Bí kọngílá tó fẹ́ tún ilé ẹbí kọ́ bá sì gbé ìwé wá, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì bi àwọn ayálégbé ibi tí wọ́n máa gbé.

Ọ̀sà kékeré kan wà ní Ìdúmàgbò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi yẹ̀pẹ̀ dí i. Omi kò gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, títì a kún fún omi. Nítorí náà, kí àpéjọ yìí tó tú ká, ẹ yan èèyàn márùn-ún, kí wọ́n kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ wa: èló lẹ ná lórí gọ́tà Ìdúmàgbò lọ́dún tó kọjá, ta lẹ sì gbé iṣẹ́ náà fún? Bí ọjọ́ méje bá pé tí wọn ò fèsì, kí àwọn agbẹjọ́rò yín gba ilé ẹjọ́ lọ.