Ibo Ló Yẹ Kí Náírà Ìlera Kọ́kọ́ Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá le lẹ́nu láti sọ: owó ìlera kò kárí, bí ẹnì kan bá ti gbà nínú rẹ̀, ẹlòmíràn yóò dúró ni. Àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń ṣe é ní Ìbàdàn yìí. Nínú náírà mẹ́wàá tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní méje tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Àpò ẹni ló ń pinnu ẹni tí yóò gba ìtọ́jú, kò sì sí ẹni tó dìbò fún un pé kó máa pinnu.

Ẹ jẹ́ ká mú àìsàn kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ kan ti wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH tiwa ní Òrìta Mẹ́fà sì wà lára wọn. Ohun tó dára ni. Ẹ wá bá mi ṣírò o. Lójú iye àtijọ́, ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ 7,800,000 náírà lórí ẹnì kan. Lójú iye tuntun, 1,872,000 ni. Bí 50,000 bá jẹ́ iye tó ń náni ní tòótọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ni ìjọba yóò máa fi kún un lọ́dọọdún nítorí ẹyọ ènìyàn kan.

Kí ló ń ba kíndìnrín jẹ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà lára àwọn tó léwájú. Ní Ìbàdàn níbí ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé ti lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín. Awakọ̀ tó ń kó èrò ní Challenge, ìyá tó ń tajà ní Dùgbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa ru fún ọdún mẹ́wàá kí ibì kankan má dùn wọ́n. Ẹ̀rọ ìfúnpá kan lè yẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn wò, oògùn rẹ̀ kò sì wọ́n tó ìfọ̀jẹ̀ rárá. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ògùn, tó múlé gbè wá, àti ní Kánò, tí àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé fi ń wọn ìfúnpá, tí wọ́n sì ń fún ènìyàn lóògùn rẹ̀. Owó tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan yóò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún èrò púpọ̀.

Ǹjẹ́ ká wá ti iyàrá ìfọ̀jẹ̀ pa? Rárá o! Ìkúnlẹ̀ abiyamọ kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Thailand bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera gbogbogbò wọn ní 2002, wọ́n yọ ìfọ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣírò rẹ̀, wọ́n ní ọdún ìyè tó ń rà ti wọ́n jù. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ń sọ odindi ẹbí di akúṣẹ̀ẹ́. Ní 2008, ìjọba gbà á wọlé, wọ́n sì fi ọ̀nà tí aláìsàn fi lè máa ṣe é nílé ṣáájú. Wọ́n mọ iye rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọn yóò fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n sì pinnu lójú gbogbo ènìyàn. Ohun tí mo ń wá fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyẹn. Kí àjọ adójútòfò ìlera wa tó sọ pé òun yóò sanwó èyí, òun kò ní san ti tọ̀hún, kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní gbangba, kí a lè bá a jiyàn.

Ohun kan tún wà tí a kì í kà mọ́ ìtọ́jú. Láti ìparí 2024 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2025, UCH wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí gbèsè iná. Ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò ríná lò, irin lásán ni. Inú olóṣèlú máa ń dùn láti ṣí ilé tuntun, kámẹ́rà á máa yà á. Ta ló ń ya fọ́tò owó iná, owó omi, owó àtúnṣe? Bẹ́ẹ̀ sì ni, lójú tèmi, náírà tí a fi sanwó iná ní UCH tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ring Road ń ra ẹ̀mí ju èyí tí a fi kọ́ ilé kejì lọ.

Òfin ìlera ọdún 2014 ti ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Àwọn olórí Áfíríkà tilẹ̀ ṣèlérí ìdá 15 nínú ìṣúná wọn ní Àbújá ní 2001. Ìjọba àpapọ̀ tiwa fúnra rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìlérí tí kò ṣẹ gba gbogbo ẹnu wa. Bí ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù yín bá pàdé, ẹ béèrè pé: ènìyàn mélòó ni wọ́n yẹ ìfúnpá wọn wò ní ọdún tó kọjá, mélòó ló padà wá gba oògùn ní oṣù kẹfà, ọjọ́ mélòó ni oògùn sì fi tán pátápátá lórí pẹpẹ? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sára ògiri ilé ìlera, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i.